Báńdì inú mi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tó ń bá yín fún un ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú àtiṣe gastric band, ìyẹn báńdì tí wọ́n ń fi sí inú kí oúnjẹ lè dínkù kí ara sì jò, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é tí ara yín ò tètè jò bí ẹ ṣe rò, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. London ni mo ń gbé, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ló sì ṣe tèmi. Nígbà tí wọ́n ṣe é, mo lé ní kílò 120, mo ní ìtọ̀ ṣúgà, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún mi méjèèjì ò sì jẹ́ kí n sùn. Tí ẹ bá ní kí n fún báńdì fúnra rẹ̀ ní máàkì, màá fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìtọ́jú tí mo kọ́kọ́ ń gbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀kan péré ni màá fún un. Ti ibi tí mò ń lọ nísinsìnyí, márùn-ún gbáko. Báńdì kan náà ló wà nínú mi níbi méjèèjì o.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó ṣe rí nìyí. Òrùka sílíkóònù ni, wọ́n máa ń dè é mọ́ òkè àpòlúkù. Wọn ò gé nǹkan kan kúrò, wọn ò sì fọwọ́ kan ìfun. Òrùka yẹn á wá ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, tí kò tó ẹyin adìẹ. Inú òrùka náà ṣófo, wọ́n lè fa omi iyọ̀ sí i kó fún, wọ́n sì lè fa á jáde kó dẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ ojúhò kékeré tí wọ́n rì sábẹ́ awọ ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gún lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi sí i yìí, fíìlì ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tó kọ́kọ́ fi irú báńdì tó ṣeé fún tó ṣeé dẹ̀ yìí sí ènìyàn nínú láti ihò kéékèèké, láìla ikùn, ni Mitiku Belachew, ọmọ Ethiopia tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní ìlú Huy ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 1993. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ Áfíríkà ni. Ìdí nìyẹn tó fi tún dùn mí pé ìwé oúnjẹ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn kò ní oúnjẹ Áfíríkà kan ṣoṣo nínú. Ọ̀dùnkún gígún, wàràkàṣì, Weetabix, ó parí.

Báńdì kì í yára. Wọ́n sọ ọ́ fún mi kí n tó fọwọ́ síwèé, mo sì ń sọ ọ́ fún yín: ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní ká máa retí, ìyẹn tí fíìlì bá ti bá ara mu. Fíìlì àkọ́kọ́ gan-an, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ jiná ná. Láàárín ìgbà yẹn ni ebi máa ń padà dé, tí èèyàn á sì máa rò pé wọn ò ṣe é dáadáa. Wọ́n ṣe é dáadáa. Òrùka yẹn ni kò tíì fún. Ìwádìí kan tún wà tí wọ́n ń pè ní By-Band-Sleeve, àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n fi báńdì wé bypass (wọ́n á sọ àpòlúkù di kékeré, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn) àti sleeve (wọ́n á gé apá tó pọ̀ nínú àpòlúkù kúrò). Ní ti kílò tó ń lọ, báńdì ló gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbí, báńdì tí wọ́n ń ṣe ti dínkù gan-an sí ti àtijọ́. Ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó yàn án.

Èmi yàn án torí mi ò fẹ́ kí wọ́n gé àpòlúkù mi, tí ọ̀rọ̀ bá sì yí padà, wọ́n lè yọ ọ́. Mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti máa dúró. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe bypass lọ́dún tí mo ṣe tèmi. Kí ọdún náà tó yí po, wọ́n ti gbé gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ fún télọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn á pè mí lórí WhatsApp, wọ́n á ní kí n gbé fóònù jìnnà, kí n yí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n rí mi. Wọ́n á wò mí títí. "Àbúrò mi, ṣé wọ́n kúkú ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn ṣá?" Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè, mo mọ̀. Síbẹ̀, tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí n tó lè dìde níbi tí mo jókòó sí.

Ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo bá gun orí rẹ̀, wọ́n á wo nọ́ńbà, wọ́n á ní kò tó, ẹ jẹ́ ká fún un sí i. Abẹ́rẹ́, omi, ó dàbọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni mò ń jẹ, báwo ni mo sì ṣe ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fún un ni ẹran ò kọjá mọ́. Adìẹ á há sí àyà, itọ́ á máa ṣàn lẹ́nu mi, màá sáré wọ balùwẹ̀. Tó bá di òru, omi kíkan á gun ọ̀fun mi wá, màá máa wúkọ́. Ohun tó ń kọjá láìjà ni ògì, kọ́stáàdì, áísìkirimù àti malt, ìyẹn àwọn nǹkan tó máa ń yọ̀ kọjá lórí báńdì bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, ebi ti dé. Ìyà ń jẹ mí, àmọ́ kílò dúró sójú kan. Mo sọ gbogbo èyí fún wọn níbẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ni pé kí n gbìyànjú sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: báńdì tó bá fún jù máa ń dá kílò dúró. Kì í ṣe èyí tó dẹ̀ nìkan ló ń fà á. Tí oúnjẹ líle ò bá ráyè kọjá, ohun rírọ̀ àti ohun dídùn ni ara á máa wá, àwọn yẹn ló sì ń gbé ṣúgà àti ọ̀rá wọlé jù lọ. Ikọ́ òru, omi kíkan, kí oúnjẹ máa padà, àmì pé ó ti fún jù ni. Tó bá di pé omi lásán ò lọ sílẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, A&E, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fa omi jáde nínú rẹ̀.

GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò mi, ló bá mi kọ lẹ́tà sí ibòmíràn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń rí sí báńdì kò mú abẹ́rẹ́ jáde rárá. Ó jókòó, ó ní kí n sọ ohun tí mo jẹ láti àárọ̀ àná títí di alẹ́. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀bà, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, kí n júwe rẹ̀. Mo sọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n fi ọwọ́ ṣe é kí òun rí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ni mo bá gé òkèlè tí kò sí níbẹ̀, mo yí i lọ́wọ́, mo kì í bọ ewédú, mo gbé e mì. Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ò rún un?" Mo ní rárá o, a kì í rún òkèlè. Ó ní kí n tún un ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ìlànà báńdì, orí kí èèyàn rún oúnjẹ ni wọ́n gbé e lé: kó kéré, kó kúnná, kó sì jẹ́ ohun líle tó máa jókòó nínú àpò òkè yẹn díẹ̀, tí ara á fi gbọ́ pé òun ti yó. Òkèlè tí a gbé mì, ó lè há, tí ọbẹ̀ tó ń yọ̀ bá sì gbé e, ó lè kọjá kí àpò tó mọ̀ pé nǹkan dé. Obìnrin yìí kò ní kí n má jẹ ẹ̀bà mọ́. Ó ní ká jọ wá ọ̀nà. Kí n kọ́kọ́ jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́ tó wà nínú ọbẹ̀, kí n rún un dáadáa, lẹ́yìn náà tí àyè bá kù, òkèlè kéékèèké bí orí ìka, kí n rún un náà. Ó ṣàjèjì lẹ́nu mi. Ìyá mi ì bá bú sẹ́kún tí wọ́n bá rí mi tí mò ń rún iyán. Mo ti mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fa omi jáde nínú báńdì mi, ẹ gbọ́ o, ó fa á jáde. Mo dùbúlẹ̀, ó ní kí n gbé orí sókè díẹ̀ kí ikùn lè le, ó fi ìka wá ojúhò náà káàkiri títí ó fi rí i, ó gún mi, kò dùn ju ìgbà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ní kí n dìde jókòó, ó fún mi ní omi tútù nínú kọ́ọ̀pù, díẹ̀díẹ̀. Mo ń mọ̀ ọ́n bó ṣe ń lọ sílẹ̀ láyà mi, tí kò dúró níbì kankan. Ó ní kí n má tíì lọ, ká wò ó ná. Ó ṣàlàyé àwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń díwọ̀n: yẹ́lò, ebi ń pa ẹ́, oúnjẹ sì ń wọlé púpọ̀, o nílò omi sí i, àwọ̀ ewé, oúnjẹ díẹ̀ tó ẹ, ó sì ń gbé ẹ dé oúnjẹ tó kàn, pupa, oúnjẹ ń há, ó ti fún jù. Inú pupa ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí mo padà sí àwọ̀ ewé, kílò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, gẹ́rẹ́ gẹ́rẹ́, àmọ́ ó ń lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti fi nǹkan bíi kílò 25 sílẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, mọ́ínmọ́ín tó dì dáadáa ni ọba. Ó rọ̀ lẹ́nu, ó sì ń dúró nínú. Ẹja tútù náà dára, Rye Lane ní Peckham ni mo ti ń rà á, mo máa ń sè é nínú ata tó ṣàn díẹ̀. Ẹ̀wà dára. Búrẹ́dì kò bá mi lára mu, pàápàá èyí tó rọ̀, ó máa ń di kókó sí àyà. Ìrẹsì òde ìnáwó tó ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà. Pọ̀nmọ́ àti ṣàkì, mo ti fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní báńdì. Omi la fi ń sin ẹ̀bà nílé wa, ìyẹn ló ṣòro jù fún mi: kò sí omi pẹ̀lú oúnjẹ, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Tí mo bá lọ òde, tí àwọn ìyá bá ní kí n jẹun dáadáa, mo máa ń sọ pé dókítà ló ní kí n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì ṣàdúrà fún mi.

Nọ́ọ̀sì yìí náà ló ní kí n má gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó, kí n sì fi okùn ìwọ̀n télọ̀ wọn ìbàdí. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà mi, wọ́n ti gé e sí ìdajì. Mo ń gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye láìdi ọwọ́ mú irin ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè rí àwọn yẹn lórí fóònù, nítorí náà mo ń kà á fún wọn.

Kí ibí náà má dà bí ibi tí kò lábàwọ́n: fóònù wọn máa ń dún títí kí wọ́n tó gbé e, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń ṣí, ìyẹn le fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó bíi tèmi. Mi ò yọ máàkì kankan torí rẹ̀, torí nígbà tí wọ́n bá gbé e, ẹni tó mọ̀ mí ló máa ń dá mi lóhùn.

Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti ṣe é, ẹ béèrè ẹni tó máa ń ṣe fíìlì, àti ibi tí ẹ ó lọ tó bá há lóru. Ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n máa fi tẹ̀ lé yín: ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 2. Ìlànà yẹn kan náà ní kí wọ́n dín ààlà BMI (ìṣirò tí wọ́n fi ń wé kílò èèyàn mọ́ gíga rẹ̀) kù, 2.5 ni wọ́n sábà máa ń yọ, fún àwa tí ìdílé wa jẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà, nítorí náà tí wọ́n bá ní ìwọ̀n yín kò tíì tó, ẹ mẹ́nu bà á. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ṣe é lókè òkun torí owó rẹ̀ kéré, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa gbà láti bá yín ṣe fíìlì nígbà tí ẹ bá padà dé, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í fẹ́ fọwọ́ kan báńdì tí kì í ṣe àwọn ló fi í síbẹ̀. Tí ẹ bá sì ń lọ fún fíìlì, ẹ wọ búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó má di pé ẹ ó bọ́ gbogbo ara, kí ẹ sì ti se ọbẹ̀ ẹja olómi kalẹ̀ sílé, torí ohun tí ẹ ó máa mu nìyẹn fún ọjọ́ bíi méjì kí oúnjẹ líle tó bẹ̀rẹ̀.