Mo fi séráámíìkì kun inú ẹ́ńjìnì Camry mi n'Ìbàdàn, ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá rèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kó dá mi lójú ná ni. Tí wọ́n bá ń tún ẹ́ńjìnì yín ṣe tí ẹnìkan wá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun fi séráámíìkì (nǹkan bí amọ̀ sísun tí ooru kì í tètè gbà kọjá) kun orí písítìn (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì) àti inú tọ́ọ̀pù (ìdérí orí ẹ́ńjìnì), pé epo tí mọ́tò ń jẹ máa dínkù, pé kò ní gbóná mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Fún mọ́tò tá à ń gùn lójoojúmọ́, kò tó owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀. Èmi sanwó ẹ̀, mo sì lò ó.

Camry 2004 ni mọ́tò mi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2.4. Òun ni mo fi ń gbé èrò láti Ìwó Road lọ Èkó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó kù ìgboro ni, Bódìjà, Mọ́kọ́lá, Challenge, ibi tó bá ṣáà ti já sí. Ẹ sì mọ bí owó epo ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ẹ̀ ní 2023, ẹni tó bá ní òun máa bá èèyàn dín lítà kan péré kù, èèyàn á dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan ni ọ́ọ̀sì rédíétọ̀ bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń bọ̀ láti Èkó, mo ti ń wo Toll Gate lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní kí n ṣáà rọra wà á délé, kí n tó dé Challenge gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín tọ́ọ̀pù àti ara ẹ́ńjìnì ti jó, omi ti pò mọ́ ọ́ìlì, tẹ́ ẹ bá fa géèjì ọ́ìlì yọ bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ló rí.

Tọ́ọ̀pù ti tẹ̀. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, bá wa fá a kó gún, a ra ríìngì (òrùka irin tó yí písítìn ká), gáskẹ́ẹ̀tì àti síìlì bálúùfù ní Gate. Ibẹ̀ ni wọ́n ti júwe ọmọkùnrin kan fún mi tó ń kun nǹkan irin lápá Olúyọ̀lé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan tí wọ́n fi ń bo inú ẹ́ńjìnì bàálù lèyí o, òun náà la máa fi kun tiyín." Kò parọ́ tán pátápátá. Wọ́n ń fi séráámíìkì tí wọ́n ń pè ní zirconia bo àwọn abẹ tó ń yí níbi tí iná ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnì bàálù lóòótọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé tàwọn yẹn, iná tó lágbára gan-an ni wọ́n fi ń yọ́ ọ lẹ̀ mọ́ irin nínú ẹ̀rọ olówó gọbọi, ṣùgbọ́n tiwa, inú ife ìbọn ọ̀dà ló wà, wọ́n á fọ́n ọn bí ọ̀dà, wọ́n á gbé e sínú ààrò kó gan. Orúkọ kan náà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gba ₦140,000 lọ́wọ́ mi lórí písítìn mẹ́rin, inú tọ́ọ̀pù àti bálúùfù mẹ́rìndínlógún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn létí, torí òun ló mú mi. Iná tó ń jó lórí písítìn máa ń kọjá 2,000°C, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù máa ń yọ́ ní bíi 660°C. Ohun tí ò jẹ́ kí písítìn yọ́ ni pé ooru ń tètè gba inú ẹ̀ kọjá, ó ń gba ara ríìngì bọ́ sí blọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnì gan-an), omi á gbé e lọ sí rédíétọ̀, ọ́ìlì á gbé tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín epo tẹ́ ẹ rà sọ́nà mẹ́ta, bí ìdá kan ló ń yí táyà, ìdá kan ń gba sáílẹ́ńsà jáde, ìdá kan ń bá omi lọ. Ọmọkùnrin yẹn ní tá a bá ti fi séráámíìkì dí ooru tó ń bá omi lọ lọ́nà, agbára yẹn á di ti táyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ooru tẹ́ ẹ dí lọ́nà yẹn, sáílẹ́ńsà ló ń gbà jáde. Cummins pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gbìyànjú ẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1970 wọnú àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣe ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tí ò ní rédíétọ̀ rárá, séráámíìkì ni wọ́n fi bo inú ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí èrè gidi nínú ẹ̀, wọ́n ní láti tún fi ẹ̀rọ míì sẹ́nu ibi tí èéfín ń gbà jáde, kó máa gba ooru yẹn padà kó sọ ọ́ di agbára. Camry mi ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tí ara ògiri inú ibẹ̀ bá gbóná sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tuntun tó ń wọlé á gbóná, á fẹ̀, èyí tó máa ráyè wọlé á wá kéré. Toyota náà mọ wàhálà yìí, nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì 1GD jáde ní 2015, èyí tó wà nínú Hilux 2.8, nǹkan tín-ín-rín oníhò wínníwínní ni wọ́n fi sórí písítìn, tí ara ẹ̀ ń tètè gbóná tó sì ń tètè tutù bí iná ṣe ń wá tó ń lọ. Láti fákítọ̀rì nìyẹn ti wá.

Ó yá, èsì tèmi. Mo ní jọ́tà kan nínú pijinhóòlù tí mo ti ń kọ epo sí kó tó di pé ẹ́ńjìnì bàjẹ́, mo máa ń rọ táǹkì kún, tí mo bá tún ń rọ ọ́ kún màá fi lítà pín kìlómítà. Kí n tó kun ún, ọ̀nà Èkó ń fún mi ní 11.1 kìlómítà lórí lítà kan, lẹ́yìn tí mo kun ún ó di 11.4. Ìgboro, láti 7.8 sí 7.9. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ná ọ̀nà, mọ́tò kan náà, ẹ́ńjìnì kan náà, tún tiẹ̀ ṣe láìkun nǹkan kan, òun náà ń rí 11.3! Ríìngì tuntun àti bálúùfù tá a lọ̀ ló ṣiṣẹ́ yẹn jàre. Ti gbígbóná ńkọ́? Síkánà ń sọ fún mi pé omi wà láàárín 88 sí 93°C, ibẹ̀ náà ló sì wà nígbà tí nǹkan ṣì dáa láyé àtijọ́, torí témósítáàtì ló ń pinnu ibi tí omi máa gbóná dé, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ̀yin tí mẹkáníìkì ti yọ témósítáàtì yín sọnù pé ìlú wa gbóná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà.

Ní oṣù kẹrìnlá ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí mo bá dúró nínú gó-síló ní Sángo. Wọ́n wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan (ihò tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀) ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, mẹ́ta nínú mẹ́rin wà ní 170 psi sókè, sílíńdà ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìkan ló wálẹ̀ sí 120. A ti kámẹ́rà kékeré bọ ihò púlọ́ọ̀gì. Orí písítìn yẹn rí bí ògiri tí òjò ti ń jẹ́ kí ọ̀dà ẹ̀ bó, létí ẹ̀ lápá bálúùfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibì kan wà tó tó èékánná ọmọ ìka tó ti ṣí sílẹ̀ funfun, alumíníọ̀mù ń tàn níbẹ̀. Nígbà tá a tú u, mo fi èékánná fa ara sílíńdà láti òkè wálẹ̀, kò mú nǹkan kan, mo wá fà á látọ̀tún sósì, ó ń kọ́ èékánná mi lẹ́sẹẹsẹ. Séráámíìkì le gan-an, èyí tó bó yẹn ti di yanrìn láàárín ríìngì àti ògiri. Rébọ̀ọ̀rù (kí wọ́n tún ihò sílíńdà gbẹ́ kó dán), písítìn tuntun, ríìngì, owó iṣẹ́, ₦230,000 ló gbé lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi rí èrò gbé.

Kí n má rẹ́ yín jẹ: àwọn písítìn mẹ́ta tó kù, ọ̀dà wọn ò bó, kábọ̀n (èérí dúdú) ò sì lẹ̀ mọ́ wọn tó bó ṣe máa ń lẹ̀. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje, tí tọ́ọ̀bò ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnì tí iná fi ń pọ̀ lórí písítìn, tiwọn yàtọ̀, wọ́n fi ń dáàbò bo písítìn, wọ́n sì ń tú ẹ́ńjìnì wọn wò lemọ́lemọ́. Àwa tá ò fẹ́ tú u fún ọdún mẹ́wàá ń kọ́? Nígbà yẹn, ₦140,000 yẹn ì bá ra rédíétọ̀ tó dáa, témósítáàtì, gbogbo ọ́ọ̀sì, ì bá sì tún kù. Tó bá jẹ́ pé mo ti pààrọ̀ ọ́ọ̀sì ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lásìkò, gáskẹ́ẹ̀tì ì bá má jó.

Mo gbé písítìn yẹn padà lọ fún ọmọkùnrin náà. Kò bá mi jiyàn, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí i, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ibi tó bó yìí, òróró ló kù níbẹ̀ tí mi ò fọ̀ kúrò tán kí n tó fọ́n ọn." Ó dá ₦50,000 padà, ó ní kí n gbé manifold tó ń kó èéfín jáde wá, òun á bá mi kun ìta ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò ó títí, mo gbé e lọ. Oṣù méje rèé, ìyẹn ò bó, tó bá sì bó, ilẹ̀ ló máa já sí, kò lè wọ sílíńdà. Wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó máa ń gan tó ń sán bí igi gbígbẹ, ó ṣì rọ̀. Iye tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì lórí ìyẹn nígbà yẹn ni ₦45,000. Inú ẹ́ńjìnì mi báyìí, písítìn lásán ló wà níbẹ̀, 11.3 ni mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá.