Ọdún méjì pẹ̀lú Arduino Uno: àgbéyẹ̀wò ẹni tó fi kọ́ microcontroller

Nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni mo máa ń fi òjé lẹ waya pọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mi. Mo ti mọ bí a ṣe ń ṣírò resistor fún iná LED kí n tó ra Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí kí ó lè darí iná àti mọ́tò, ní ọdún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ kóòdù rí. Bọ́ọ̀dù náà dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìrọ̀rùn tí ó fi gbà mí lálejò gan-an ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ọ̀lẹ.

Okùn USB kan ṣoṣo ni ó ń gbé iná àti kóòdù wọ inú rẹ̀. Wákàtí kan kò pé tí iná kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ (pin) 13 fi ń ṣẹ́jú sí mi. ATmega328P, microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré inú ṣíìpù kan) tó wà lórí rẹ̀, ń sáré ní 16 MHz. Ó ní 32 KB fún kóòdù, ó sì ní 2 KB péré fún ohun tí kóòdù náà ń rántí lọ́wọ́.

Fún oṣù mẹ́ta, kóòdù ẹlòmíràn ni mo ń dà kọ, delay(), àṣẹ tó ń dá kóòdù dúró, sì kún inú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ kí iná kan máa ṣẹ́jú kí bọ́tìnì kan sì máa jẹ́ mi lóhùn, bọ́tìnì náà kọ̀, nítorí pé bí delay(1000) bá ti bẹ̀rẹ̀, loop(), apá kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìsimi, yóò dúró sójú kan fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ohun tí yóò bojú wo bọ́tìnì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dá waya lẹ́bi. Ohun tí ó tú mi sílẹ̀ ni millis(), aago tó ń ka àkókò láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti tàn: kàkà kí a dúró, aago ni à ń wò, kí a mọ̀ bóyá àsìkò ti tó. Ẹ yọ àkókò àtijọ́ kúrò nínú ti ìsinsìnyí, ẹ má ṣe ro wọ́n pọ̀, torí aago náà máa ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 50.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti inú 2 KB yẹn. Ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná tí mo ṣe ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣáá, n kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn tí mo kó sínú Serial.println(), àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ni ó ti jẹ àyè ìrántí tán. Mo fi F() yí wọn ká, wọ́n dúró sínú 32 KB, ara ẹ̀rọ náà sì balẹ̀. Ìgbà náà ni mo ṣí datasheet, ìwé àlàyé ṣíìpù náà, tó ju ojúewé 200 lọ. Mo ń ka orí kan lọ́sẹ̀, mo sì ń kọ kóòdù kékeré kan fún un: timer (aago inú ṣíìpù), interrupt (ohun tó ń dá kóòdù dúró díẹ̀ kí ó lè gbọ́ ohun tó jẹ́ kánjúkánjú), ADC tó ń sọ fólítì di iye láti 0 sí 1023. Oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ.

Orúkọ analogWrite(), àṣẹ tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ iná kù, kò tẹ́ mi lọ́rùn: títàn àti kíkú kíákíá ni ó ń ṣe, ní ẹsẹ̀ mẹ́fà péré, kì í ṣe fólítì tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì nílò Wi-Fi, ESP32, ṣíìpù mìíràn tó ní Wi-Fi nínú, ni mo ń mú báyìí. Síbẹ̀, Uno náà ni mo ṣì ń kọ́kọ́ so sensor tuntun mọ́, bí ẹsẹ̀ 9 rẹ̀ tilẹ̀ ti kú. Èmi ni mo pa á: 20 mílíámpíà ni ó yẹ kí ẹsẹ̀ kan gbé, mọ́tò ni mo so mọ́ ọn tààrà láìsí transistor tí yóò bá a gbé iná náà.