Lẹ́ńsì Tí Mo Há Mọ́ Fóònù, àti Kòkòrò Tó Pọn Òkú

₦9,500 ni mo ra lẹ́ńsì yìí ní Wuse, l'Àbújá, lóṣù kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé. Ẹ má rò pé kámẹ́rà gidi ni o. Gíláàsì róbótó kan báyìí ni, wọ́n dè é sínú irin, wọ́n wá so ó mọ́ ohun tó jọ pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. Ẹ ó há a mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù yín, ó parí nìyẹn. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 15. Èmi ò bá a wọ̀n ọ́n. Mo ṣáà ti fi í rí irun ẹsẹ̀ eṣinṣin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti lò ó fún oṣù mẹ́jọ kí n tó jókòó kọ èyí.

Ọmọ mi obìnrin ló kó mi sí i. Kubwa là ń gbé, ilẹ̀ kan sì wà lẹ́yìn ilé wa tí ẹni tó rà á kò tíì kọ́, koríko ti gba gbogbo ibẹ̀. Ó sáré wọlé lọ́jọ́ kan: "Dádì, ẹ wá wo ìdọ̀tí tó ń rìn lára ògiri." Mo ní kó lọ jókòó, ìdọ̀tí kì í rìn. Nígbà tí mo jáde, ìdọ̀tí ń rìn lóòótọ́. Mo fi fóònù lásán yà á, ohun tó jáde dà bí èéfín. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ra lẹ́ńsì.

Ó tó nǹkan bí ogún ọjọ́ kí n tó tún rí òmíràn, ní ìdí ògiri kan náà, níbi tí èèrà ń gbà kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sún fóònù mọ́ ọn. Òkú èèrà ni mo rí! Òkú èèrà tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹsẹ̀ wọn ń fì, kòkòrò kan sì wà lábẹ́ wọn tó pọ̀n wọ́n bí ìgbà tí abiyamọ pọn ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ti fi eruku para láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló dúdú tó ń dán. Ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀. Ẹnu yẹn ló fi ń gún èèrà, á fa inú rẹ̀ mu, á wá gbé èèpo rẹ̀ sẹ́yìn. Ìdílé kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Reduviidae ló ti wá, àwọn èwe rẹ̀ tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọńlé tàbí aláǹtakùn bá fẹ́ gbé e, ẹrù ẹ̀yìn ni wọ́n máa bù jẹ, onílé á sì ti sá lọ. Mo fi hàn ìyàwó mi. Ó ní kí n má fi irú ẹ̀ sí orí fóònù òun mọ́.

Ẹ wá gbọ́ wàhálà tó wà nídìí lẹ́ńsì yìí. Ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ kòkòrò náà tó nǹkan bíi ìbú ìka méjì. Bí ẹ bá jìn díẹ̀, ó ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ó ṣe bàìbàì. Bí ojú kòkòrò bá sì hàn kedere, ìdí rẹ̀ á ti wọnú kùrukùru. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé ẹ̀gbẹ́ ni mo ń gbà yà á, kí gbogbo ara rẹ̀ lè wà lórí ìlà kan. Mo máa ń fi ìgúnpá tẹlẹ̀, màá sé èémí, màá wá tẹ̀ ẹ́ léraléra. Nínú ọgbọ̀n fọ́tò, méjì tó dáa, mo dúpẹ́.

Èmi fi bí ọ̀sẹ̀ kan bú lẹ́ńsì náà láìmọ̀ pé fóònù mi ló jẹ̀bi. Kámẹ́rà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bí mo bá sì ti sún mọ́ nǹkan, òun fúnra rẹ̀ á yí sí èyí tí lẹ́ńsì kò bò. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa yíyí yẹn nínú ètò kámẹ́rà yín. Ẹ tún bọ́ kéèsì kúrò, torí pẹ́ẹ̀gì náà kì í jókòó dáadáa lórí rẹ̀.

Lámilámi? Ẹ gbàgbé. Mo lọ sí etí adágún Jabi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí èyí tó jẹ́ kí n dé ibi ìka méjì. Labalábá náà bẹ́ẹ̀, àyàfi ní ìdájí tí ara wọn ṣì tutù tí wọn ò lè fò. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀ ni tiwa. Ní ọgbà Millennium ní Maitama, mo rí òdòdó tó kún fún oyin àti agbọ́n, ibẹ̀ dùn ún yà. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ máa rákò káàkiri lẹ́bàá ògiri tí ẹ ò mọ onílé o. Àbújá lèyí. Mo wà lórí eékún níwájú ilé kan, mo ń ya tata, ni máígáádì dúró sí mi lórí: "Malam, me kake yi?" Ó ń fi Hausa bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó títí, ó ní kí n ya èyí tó wà lórí ẹnu géètì náà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lẹ́yìn apọnkú yẹn kò jìnnà sílé. Ẹ rántí kòtò kéékèèké tó rí bí ẹnu àrọ nínú iyanrìn gbígbẹ, lábẹ́ òrùlé tí òjò ò dé? Mo fi ṣíbí bu kòkòrò tó wà nínú ọ̀kan, tí òyìnbó ń pè ní antlion, jáde sórí àwo funfun. Ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì rí bí ẹ̀mú, ihò sì wà nínú wọn tó fi ń fa oje èèrà tó bá jábọ́ sí kòtò. Bó bá dàgbà, á hu ìyẹ́, gbogbo ayé á máa ṣì í pè ní lámilámi. Ẹ fi lẹ́ńsì wo ìwo orí rẹ̀: tirẹ̀ gùn, ó sì tóbi lẹ́nu, ti lámilámi kò ju irun kúkúrú lọ.

Lálẹ́, mo máa ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sórí okùn, màá tan gílóòbù sí i, kòkòrò á wá fúnra wọn. Ẹ ṣọ́ra níbí. Kòkòrò kan wà, kò gùn ju mìlímítà 10 lọ, ó rí bí èèrà, ara rẹ̀ pupa pẹ̀lú dúdú, ẹ̀wù kúkúrú búlúù tó ń dán ló wọ̀. Paederus ni. Kì í géni jẹ, kì í tani. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ sára, oró inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pederin á bó yín bí iná. Ọwọ́ ni mo fi pa á lọ́rùn láìmọ̀. Ọjọ́ kejì, ọrùn mi ti lé, ó ń ṣomi. Bó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù. Bó bá ti fọ́, ọṣẹ àti omi kíá.

Orúkọ wọn, iNaturalist, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń bá mi wá a. Mo máa ń gbé fọ́tò síbẹ̀ pẹ̀lú ibi tí mo ti yà á, àwọn tó mọ kòkòrò á sì dá sí i. Fọ́tò tó gba ẹ̀gbẹ́ àti èyí tó gba òkè ni kí ẹ fi ránṣẹ́ pọ̀.

Rọ́bà inú pẹ́ẹ̀gì jábọ́ ní oṣù kẹta tí mo rà á. Mo gbé e padà fún ẹni tó tà á fún mi, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ bíi ti epo lójú omi sì máa ń yọ ní etí fọ́tò, èmi kàn ń gé etí yẹn kúrò ni. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò ẹyẹ tàbí ti ìgbéyàwó, kó fi owó rẹ̀ jẹ súyà. Èmi ti ra ìkejì, ₦12,000 ni mo rà á. Ọmọ mi ló gba èyí àkọ́kọ́.