Fíréèmù rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ ka mẹ́dà yín kẹ́ ẹ tó gbé e lọ

Mo kó mẹ́dà tí bàbá mi àgbà gbà nínú Ogun Àgbáyé Kejì lọ sọ́dọ̀ oní-fíréèmù kan ní Adó-Èkìtì, kò jìnnà sí ibi ère Fájuyì, nítorí ìrántí wọn tá a fẹ́ ṣe ní Ìkọ̀lé. Mẹ́ta ni: méjì tó rí bí ìràwọ̀, ìyẹn ìràwọ̀ 1939–1945 àti ìràwọ̀ Bọ́mà, àti mẹ́dà ogun tó rí roboto. Inú agolo mílíìkì ni wọ́n wà látọjọ́ yìí.

Ọwọ́ ọmọkùnrin náà mọ́. Igun fíréèmù pàdé débi pé èékánná mi ò wọ àárín wọn. Kò fi gúlù lẹ nǹkan kan. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi gán wọn mọ́ àrán dúdú. ₦22,000 ló gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ló dá, ó di mẹ́sàn-án. Ìyẹn ò ṣe mí ní nǹkan, oníṣẹ́ ọwọ́ ṣáà ni.

Ìgbà tí mo dé láti gbà á, mẹ́rin ni mo bá nínú gíláàsì! Ó ti fi ìràwọ̀ Áfíríkà kan kún un, ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ iyanrìn.

"Àǹtí, àyè kan ló ṣófo. Mi ò fẹ́ kó dà bí ẹnu tí eyín kan ti ká. Àbí Bàbá kì í ṣe ọmọ Áfíríkà ni?"

Ẹ̀rín pa mí kí inú tó bí mi. Ẹni tó jagun ní Àríwá Áfíríkà tàbí lápá Abisíníà (Etiópíà) láàárín 1940 sí 1943 ló ni ìràwọ̀ yẹn. Ológun tó lo gbogbo ọdún ogun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, kò kàn án. Bọ́mà ni Bàbá lọ. Ti Bọ́mà, ẹni tó bá bá wọn wọ ojú ogun níbẹ̀ láàárín ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1941 sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1945, ọjọ́ kan péré ti tó. Ti 1939–1945 ló ń béèrè oṣù mẹ́fà.

Ó nawọ́ síta: "Fájuyì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yìí ńkọ́?" Mo ní Military Cross, mẹ́dà ológun tí wọ́n fún Fájuyì nítorí iṣẹ́ ológun tó ṣe ní Kóńgò, ìgboyà ni wọ́n wò, wọn ò ka ọjọ́ fún un.

Kò jiyàn, ó tú u, kò gba kọ́bọ̀ kún owó. Àmọ́ ojú abẹ́rẹ́ ṣì ń hàn lára àrán lápá ọ̀tún tí iná bá tàn sí i.

Màá padà lọ, fọ́tò ìgbéyàwó màmá mi ló kàn. Ẹ ṣáà jẹ́ kó kọ iye ohun tẹ́ ẹ kó fún un sínú rìsíìtì.