Ìròyìn tó ń jà ràn-ìn: orí fóònù ni àbí rédíò?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ kíákíá, orí fóònù ni o. Ìwé tó ní kí wọ́n san 585 mílíọ̀nù náírà owó ìlú, tó kan Betta Edu tó jẹ́ mínísítà nígbà náà, ibẹ̀ ló ti ń fò kiri kí Tinubu tó dá a dúró ní Jánúárì 2024. Àmọ́ dátà ń lọ, irọ́ sì pọ̀ jù, mélòó nínú àwọn òṣèré wa ni wọn ò tíì pa síbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń jẹ àmàlà wọn? Rédíò máa ń pẹ́, bátìrì nìkan ló ń ná yín. Nígbà tí MohBad olórin kú ní Sẹ̀tẹ́ḿbà 2023, àwọn ará TikTok ti dájọ́ tán kí wọ́n tó hú òkú ẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ owó ìlú tí ìwé wà ńlẹ̀, fóònù dáa. Tó bá jẹ́ ti òkú, ẹ dúró de rédíò, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ jù ú sí gúrúùpù ẹbí.