Lexus SC 300: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì àtijọ́ tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́

Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ra kúpé, ìyẹn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, tó ti pẹ́, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi í ni bó ṣe máa ń sáré tó. Èmi ò ra tèmi torí eré. Ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tó máa gbé mi bọ̀, tí ẹ̀yìn ò ní máa ro mí tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, tí owó oṣù mi ò sì ní máa tán sọ́wọ́ mẹkáníìkì, òun ni mo ń wá. Mo sì tún fẹ́ kó rẹwà. Lexus SC 300 ti ọdún 1995 ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún mi, mo sì ti wà á tòjò tẹ̀ẹ̀rùn kí n tó jókòó kọ èyí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọdún 1991 ni SC kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ṣe é títí di ọdún 2000. Toyota Soarer ni wọ́n ń pè é ní Japan. Oríṣi méjì ló wà: SC 400 ní ẹ́ńjìnnì V8, ìyẹn onísìlíńdà mẹ́jọ, tó jẹ́ lítà 4.0, SC 300 ní ti sìlíńdà mẹ́fà, lítà 3.0, agbára ẹṣin 225. 2JZ-GE lorúkọ ẹ́ńjìnnì yìí, òun náà ló wà nínú Toyota Supra ayé ìgbà yẹn tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i), ó sì wà nínú Lexus GS 300 àti IS 300. Ohun tó mú kí apá mi ká ọkọ̀ yìí nìyẹn. Kúpé tí kò wọ́pọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti tú tí wọ́n sì ti tò rí ló wà nínú rẹ̀, ẹ ò sì ní máa wá gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ káàkiri.

Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún yín pé SC 400 ni kẹ́ ẹ rà nítorí V8 inú rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn pé ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti wà á rí, ó dùn ún wà. Àmọ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Nínú V8 yẹn, àárín ẹ́ńjìnnì ni sítátà wà, lábẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí mẹkáníìkì tó lè fọwọ́ kàn án, ó di dandan kó kọ́kọ́ tú gbogbo apá òkè kúrò. Páńpù òróró sítíárìn tún wà lórí ọtanétọ̀ tó ń gbé iná sí bátìrì. Tí páńpù yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, orí ọtanétọ̀ ló máa ń kán sí, bí ìyà ẹnì kan ṣe ń di ti ẹni méjì nìyẹn. Ti SC 300 kò rí bẹ́ẹ̀. Sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, àyè sì wà lọ́tùn-ún lósì tí ọwọ́ máa wọ̀. Nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà tó báyìí, wákàtí tí mẹkáníìkì fi ń tú nǹkan ló ń gbówó lọ jù. Torí náà, bí wọ́n bá gbé méjèèjì síwájú mi ní iye kan náà, 300 ni màá mú.

Ìtura rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ gùn gan-an, bíi ti ọ̀pọ̀ kúpé, ẹ sì mọ wàhálà tí ìlẹ̀kùn gígùn máa ń dá sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti páàkì fún mọ́ra. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ro ti ìyẹn. Híńjì rẹ̀ kì í kàn ṣí gbayawu. Ó máa ń sún ìlẹ̀kùn náà síwájú díẹ̀ bó ṣe ń ṣí, kò wá ní nílò àyè púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èèyàn tó lè jáde. Tí mo bá yọ kọ́kọ́rọ́, sítíárìn tèmi á gbéra sókè fúnra rẹ̀ kí itan mi lè ráyè kọjá, tí mo bá sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ padà, á sọ̀ kalẹ̀ síbi tí mo fi í sí gẹ́lẹ́. Ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó báyìí ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀! Inú mi ṣì máa ń dùn sí i láràárọ̀.

Lójú ọ̀nà, ó wúwo, ó lé ní kílò 1,500, ìwúwo yẹn sì wúlò, torí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tàbí ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá lọ mì í. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní òróró. Àmọ́ ibi tí ìtura rẹ̀ ti ń wá ní pàtàkì ni táyà. Ríìmù 15 ni tèmi ń lò, ẹ̀gbẹ́ táyà tó wà lórí rẹ̀ sì ga dáadáa. Rọ́bà gíga yẹn ló ń bá mi gba kòtò kó tó dé ìdí àga. Mo ti jókòó sínú irú ọkọ̀ yìí kan náà tí wọ́n fi ríìmù 18 sí pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ, gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ló ti pòórá. Bí ẹ bá rí èyí tí ríìmù rẹ̀ tóbi gọbọi, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á bóyá ríìmù àkọ́kọ́ ṣì wà nílé.

Ní ti àárẹ̀ ọjọ́ orí, ẹ máa ṣọ́ rọ́bà ju irin lọ. Bùṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà ní oríkèé apá tó di táyà mú, máa ń gbẹ, á sì ya. Bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì ìsàlẹ̀ níwájú, ìyẹn oríkèé tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, ni kẹ́ ẹ fọwọ́ mú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ náà sókè, kẹ́ ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì í. Tó bá ti ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì náà, torí tíyẹn bá já lórí eré, táyà á ṣubú dànù sí ẹ̀gbẹ́ ni. Àwọn tó ní SC tún mọ̀ pé abẹ́rẹ́ oníná inú dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń ṣú bọ́dún bá ti ń gorí ọdún, ojú ẹ̀rọ amúlétutù sì máa ń ní àbàwọ́n dúdú tó ń tàn káàkiri. Kò ní kí ọkọ̀ má rìn, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́ tí ẹ ò rí iye eré tí ẹ ń sá, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ lọ wò ó nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí àwọn ohun inú ẹ́ńjìnnì máa yí bá ara wọn mu, ló ní, kì í ṣe ṣéènì. Tí wọ́n bá ní àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Bí kò bá sí ìwé, ẹ ṣírò owó bẹ́líìtì àti páńpù omi mọ́ iye ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Epo ńkọ́? Ó ń mu ún, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, jíà mẹ́rin péré sì ni ọtọmátíìkì rẹ̀ ní. Àwọn kan wà tó ní jíà ọlọ́wọ́ márùn-ún títí di 1997, ṣùgbọ́n wọn ò wọ́pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gba èèyàn méjì, kò sì yẹ àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Bùùtù rẹ̀ kéré.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn tó dára ń dín kù. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti Supra tan, ọ̀pọ̀ ti fi tọ́bò sí i, wọ́n ti gé wáyà, wọ́n ti fa sípíríìnì rẹ̀ wálẹ̀. Mi ò bú ẹni tó fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ìrìnnà ojoojúmọ́ kọ́ nìyẹn mọ́. Èyí tí àgbàlagbà kan wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí awọ àga rẹ̀ tiẹ̀ ti sán díẹ̀, dára ju èyí tó ń dán tí wáyà àjèjì ń ta lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ.

Ó ní búrẹ́ẹ̀kì ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há téèyàn bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì lójijì) àti àpò afẹ́fẹ́ fún awakọ̀ àti ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àpò afẹ́fẹ́ kankan ní ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹni tó ń gbé ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, mi ò ní sọ fún un pé kó rà á. Ẹni tó ń dá wakọ̀, tàbí tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ ń rìn, tó sì lè ní sùúrù wá èyí tí wọn ò tíì dà rú, kó lọ wò ó.