Kíkọ́ gángan: dídá kọ́ nílé tàbí kíkọ́ láàárín ẹgbẹ́?

Ẹni tó ń kọ́ gángan ní Ìjẹ̀bú-Òde lè dá kọ́ ọ nílé, ó sì lè kọ́ ọ láàárín ẹgbẹ́ onílù. Nílé, ó lè tún gbólóhùn kan ṣoṣo lù títí tí apá tó ń fún ọsán, ìyẹn awọ tín-ín-rín tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, àti ọwọ́ tó di kọ̀ǹgọ́ tí a fi ń lù ú mú yóò fi mọwọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n àdáṣe tètè ń súni. Láàárín ẹgbẹ́, omele, ìlù tó ń ti ìlù àgbà lẹ́yìn, kì í dúró de ẹni tó ṣìṣe, ojú ẹgbẹ́ sì ń fa ènìyàn jáde lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, pàápàá nígbà tí Ojúde Ọba, ayẹyẹ ńlá àwọn Ìjẹ̀bú tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, bá ti ń sún mọ́lé. Ẹgbẹ́ ni mo fara mọ́ fún ẹni tí ìtara rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn.